Ipa sísọ eyín di funfun lórí ohun ìdíhò eyín

Ipa sísọ eyín di funfun lórí ohun ìdíhò eyín jẹ́ kókó kan nínú ìmọ̀ ìṣègùn eyín. Ó ń ṣàlàyé ohun tí àwọn oògùn tí a fi ń sọ eyín di funfun máa ń ṣe sí àwọn nǹkan tí oníṣègùn eyín fi dí ihò inú eyín, tí ó fi tún eyín tí ó kán ṣe, tàbí tí ó fi bo orí eyín tí ó ti bàjẹ́. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwọn oògùn náà ni háídrójìn pẹrọ́ksáídì àti kábámáídì pẹrọ́ksáídì. Àwọn oògùn yìí ń yí àwọ̀ eyín àdánidá padà, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ohun ìdíhò di funfun. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ti dí eyín iwájú rẹ̀ rí, tí ó wá lọ sọ eyín rẹ̀ di funfun, lè rí i pé eyín náà ti mọ́, àmọ́ tí ibi tí wọ́n dí ṣì wà ní àwọ̀ rẹ̀ àtijọ́, tí ó hàn gbangba bí àbùlẹ̀ ara aṣọ.

Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àwọ̀, oògùn náà lè mú kí ojú àwọn ohun ìdíhò kan rí ṣákiṣàki, ó lè mú kí mẹ́kúrì jáde láti inú àmálígámù ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ń dín agbára tí ohun ìdíhò tuntun fi ń lẹ̀ mọ́ eyín kù fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn eyín fi máa ń kọ́kọ́ sọ eyín di funfun, tí wọn yóò dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2, kí wọ́n tó dí ihò tàbí kí wọ́n tó pààrọ̀ ohun ìdíhò tí ó hàn síta.

Àwọ̀ eyín àti àbàwọ́n

Ìpele méjì ni ó ń pinnu àwọ̀ eyín. Ẹ̀námẹ́lì ni ìpele òde. Òun ni ohun tí ó le jù lọ nínú ara ènìyàn, nǹkan bí 96% ìwọ̀n rẹ̀ ni ó sì jẹ́ èròjà bí òkúta wẹ́wẹ́ tí a ń pè ní háídrọ́ksíápátáìtì. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú ẹ̀námẹ́lì kọjá díẹ̀. Dẹ́ńtíìnì ni ìpele tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Òun pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè, àwọ̀ rẹ̀ sì ń hàn láti abẹ́ ẹ̀námẹ́lì. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà sí i, ẹ̀námẹ́lì ń fẹ́lẹ́, dẹ́ńtíìnì ń nípọn, èyí sì ni ó ń mú kí eyín àgbàlagbà pọ́n ju ti ọ̀dọ́ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fọ̀ ọ́ dáadáa.

Oríṣi àbàwọ́n méjì ni ó wà. Àbàwọ́n òde ni èyí tí obì, tíì, kọfí, wáìnì pupa àti tábà ń fi sí ojú eyín. Pákò, búrọ́ọ̀ṣì, àti irinṣẹ́ tí oníṣègùn fi ń họ eyín lè mú púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Àbàwọ́n inú wà nínú ara eyín fúnra rẹ̀. Lára ohun tí ó ń fà á ni oògùn tẹtirasáíkílìn tí ọmọdé lò nígbà tí eyín rẹ̀ ṣì ń dàgbà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, fúlóráídì tí ó pọ̀ jù nínú omi mímu, àti ìfarapa tí ó pa mùdùnmúdùn eyín. Fífọ nìkan kò lè mú irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ kúrò, òun ni a sì ń torí rẹ̀ lo oògùn.

Ti ohun ìdíhò kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí oníṣègùn bá dí eyín ni ó ń yan àwọ̀ tí yóò bá eyín aláìsàn mu. Ó sábà máa ń lo àwo ìfiwéra àwọ̀. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn, tí ilé iṣẹ́ Vita ti orílẹ̀-èdè Jámánì ṣe, ní àwọ̀ 16, láti A1 títí dé D4. Láti ọjọ́ náà ni àwọ̀ ohun ìdíhò ti di èyí tí a ti yàn. Bí eyín tí ó yí i ká bá wá yí padà, òun kò ní bá a yí padà.

Ìtàn

Láti ọ̀rúndún 19 ni àwọn oníṣègùn eyín ní Amẹ́ríkà ti ń gbìyànjú láti sọ eyín tí ó ti kú di funfun, tí wọ́n ń lo àwọn èròjà tí ó ní kílórínì nínú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo pẹrọ́ksáídì. Ní ọdún 1961, Spasser ṣe àpèjúwe ọ̀nà kan tí a fi ń po sódíọ̀mù pẹ́bórétì mọ́ omi, tí a ó fi í sínú eyín tí wọ́n ti kó mùdùnmúdùn rẹ̀ kúrò, tí a ó sì dí i pa fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ọdún 1989, Van Haywood àti Harald Heymann tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ọ̀nà tí aláìsàn fi lè ṣe é nílé: wọn yóò ṣe abọ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bá eyín rẹ̀ mu, aláìsàn yóò fi jẹ́ẹ̀lì kábámáídì pẹrọ́ksáídì 10% sínú rẹ̀, yóò sì fi í sẹ́nu sùn. Láti ìgbà náà ni sísọ eyín di funfun ti kúrò ní iṣẹ́ àwọn díẹ̀, tí ó sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè fún.

Láàárín àkókò kan náà ni àwọn ohun ìdíhò tí ó ní àwọ̀ eyín ń tàn kálẹ̀. Ní ọdún 1955, Michael Buonocore fi hàn pé bí a bá fi ásíìdì pa ojú ẹ̀námẹ́lì, rẹ́síìnì yóò lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ní ọdún 1962, Rafael Bowen gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ́síìnì tí a ń pè ní Bis-GMA, èyí tí ó di ìpìlẹ̀ kọ́ḿpósìtì òde òní. Ní ọdún 1972, Alan Wilson àti Brian Kent kéde glass ionomer ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ọ̀nà sísọ eyín di funfun nílé fi máa dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ní ohun ìdíhò aláwọ̀ eyín ní iwájú ẹnu wọn. Báyìí ni ìbéèrè nípa bí àwọn méjèèjì yóò ṣe bára wọn gbé ṣe dìde.

Bí pẹrọ́ksáídì ṣe ń ṣiṣẹ́

Mólékù háídrójìn pẹrọ́ksáídì kéré púpọ̀, nítorí náà ó lè gba àárín àwọn èròjà wẹ́wẹ́ inú ẹ̀námẹ́lì wọlé títí dé dẹ́ńtíìnì. Níbẹ̀ ni ó ti ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí ó sì ń mú àwọn ẹ̀ka ọ́ksíjìn tí ara wọn kò balẹ̀ jáde. Àwọn wọ̀nyí ń kọlu mólékù gígùn gígùn tí ó fún àbàwọ́n ní àwọ̀, wọ́n sì ń gé e kéékèèké. Mólékù tí a ti gé kúrú kì í fa ìmọ́lẹ̀ mu bíi ti tẹ́lẹ̀, eyín á sì funfun sí i lójú. Oògùn náà kò kun eyín lọ́dà, kò sì họ nǹkan kan kúrò. Ó kàn pa àwọ̀ inú àbàwọ́n náà ni.

Kábámáídì pẹrọ́ksáídì jẹ́ àdàpọ̀ háídrójìn pẹrọ́ksáídì àti yúríà. Bí ó bá jẹ́ 10%, yóò mú nǹkan bí 3.5% háídrójìn pẹrọ́ksáídì jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́: nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ni ó ń lò tán ní wákàtí 2 àkọ́kọ́, ìyókù á sì máa jáde fún wákàtí mélòó kan sí i. Èyí tí oníṣègùn ń lò ní ilé ìwòsàn lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sábà máa ń wà láàárín 25% àti 40% háídrójìn pẹrọ́ksáídì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bo èrìgì kí ó má baà jó o.

Àlàyé yìí ni ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí ohun ìdíhò kì í fi í funfun. Àwọ̀ kọ́ḿpósìtì àti ti sẹ̀rámíìkì kò wá láti inú irú mólékù tí pẹrọ́ksáídì lè gé. Ó wá láti inú ọ́ksáídì àwọn mẹ́tàlì, pàápàá ọ́ksáídì irin, irú èyí tí ó mú kí ilẹ̀ pupa pọ́n. Gẹ́gẹ́ bí oògùn ìfọṣọ tí ń mú aṣọ funfun kì í ti í mú àbàwọ́n ilẹ̀ pupa kúrò bọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni pẹrọ́ksáídì kò rí ohun tí yóò gé nínú àwọ̀ ohun ìdíhò. Ohun tí ó lè mú kúrò kò ju àbàwọ́n tíì tàbí obì tí ó lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ lọ.

Ipa lórí ohun ìdíhò kọ̀ọ̀kan

Kọ́ḿpósìtì

Kọ́ḿpósìtì ni àdàpọ̀ rẹ́síìnì àti gíláàsì lílọ̀ kúnná tí a fi ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù mú le. Òun ni wọ́n ń lò jù fún eyín iwájú, òun sì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Ìwádìí nínú yàrá àyẹ̀wò fi hàn pé pẹrọ́ksáídì tí ó lágbára, tí ó sì pẹ́ lórí rẹ̀, lè mú kí ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ tàbí kí ó rí ṣákiṣàki. Àbájáde àwọn ìwádìí náà kò dọ́gba, nítorí pé irú rẹ́síìnì, bí gíláàsì inú rẹ̀ ti pọ̀ tó, àti bí a ṣe dán ojú rẹ̀ sí, ń yí èsì padà. Fún aláìsàn tí ó lo oògùn náà bí a ti là á sílẹ̀ fún un, ìyípadà yìí sábà máa ń kéré, oníṣègùn sì lè dán ojú kọ́ḿpósìtì náà padà. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní ṣákiṣàki, ìdọ̀tí àti kòkòrò àìfojúrí á máa rí ibi lẹ̀ mọ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì tètè ṣú.

Ìṣòro tí ó wọ́pọ̀ jù ni àìbáramu àwọ̀. Bí àpẹẹrẹ, ẹnìkan ṣubú nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́, eyín iwájú rẹ̀ kan kán, wọ́n sì fi kọ́ḿpósìtì tún un ṣe kí ó bá àwọn eyín rẹ̀ yòókù mu. Bí ó bá sọ eyín rẹ̀ di funfun ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, eyín méjèèjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò mọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí wọ́n fi kọ́ḿpósìtì ṣe yóò dúró bí ó ti wà. Ohun tí kò hàn sí ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀ á wá di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wò. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni kí a pààrọ̀ kọ́ḿpósìtì náà tàbí kí a fá ojú rẹ̀, kí a sì fi tuntun bò ó. Owó ni èyí yóò ná aláìsàn, ó sì lè mú kí a gé díẹ̀ sí i nínú eyín rẹ̀. Ó yẹ kí ó mọ èyí kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí.

Glass ionomer

Glass ionomer ń lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀ láìsí gọ́ọ̀mù, ó sì ń tú fúlóráídì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń lò ó fún eyín ọmọdé, fún ìdí eyín tí ó ti jẹ lẹ́bàá èrìgì, àti fún dídí ihò fún ìgbà díẹ̀. Ásíìdì tètè ń ba á jẹ́ ju kọ́ḿpósìtì lọ. Bí jẹ́ẹ̀lì náà bá ní ásíìdì púpọ̀, ojú glass ionomer lè yọ́ díẹ̀, kí ó sì sán wẹ́wẹ́. Irú rẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ rẹ́síìnì lágbára ju èyí tí kò ní rẹ́síìnì lọ, àmọ́ òun náà kò bọ́ pátápátá lọ́wọ́ ìpalára yìí.

Àmálígámù

Àmálígámù ni ohun ìdíhò aláwọ̀ fàdákà tí ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ mẹ́kúrì. Ìyókù jẹ́ fàdákà, tíìnì àti bàbà. Nínú yàrá àyẹ̀wò, a ti rí i pé àmálígámù tí a rì sínú jẹ́ẹ̀lì pẹrọ́ksáídì ń tú mẹ́kúrì sílẹ̀ ju èyí tí a rì sínú omi lásán lọ, bí jẹ́ẹ̀lì náà bá sì ti lágbára tó tàbí bí ó bá ti pẹ́ tó ni ohun tí ó ń jáde fi ń pọ̀ sí i. Nítorí èyí, oníṣègùn tí ó ń ṣe abọ́ rọ́bà fún ẹni tí ó ní àmálígámù púpọ̀ ní eyín ẹ̀yìn lè gé abọ́ náà kúrú kí jẹ́ẹ̀lì má baà kàn wọ́n, ó sì lè fi ohun ìbòjú bo ojú wọn.

Wọ́n tún ti rí àwọ̀ ewé ní ibi tí eyín àti àmálígámù ti pàdé, lára àwọn tí ó lo jẹ́ẹ̀lì fún oṣù púpọ̀ nítorí àbàwọ́n tẹtirasáíkílìn. Bí àmálígámù bá sì wà lẹ́yìn eyín iwájú, dúdú rẹ̀ lè hàn síwájú sí i nígbà tí eyín náà bá ti mọ́. Sísọ eyín di funfun kì í mú irú dúdú bẹ́ẹ̀ kúrò.

Sẹ̀rámíìkì àti adé eyín

Sẹ̀rámíìkì, tí ó jọ èyí tí wọ́n fi ń ṣe àwo tánganran, ni wọ́n fi ń ṣe adé eyín àti pèpéle fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín. Pẹrọ́ksáídì kì í sábà ṣe é ní nǹkan kan tí ojú lè rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwádìí kan rí ìyípadà kékeré lójú sẹ̀rámíìkì tí kò ní dídán mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe adé eyín ní iwájú ẹnu gbọ́dọ̀ pinnu bí eyín rẹ̀ yòókù yóò ti funfun tó kí wọ́n tó ṣe adé náà, nítorí pé adé tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ eyín kò ṣe é kùn lọ́dà mọ́.

Ohun ìdíhò onígbà díẹ̀

Àwọn ohun ìdíhò tí a fi ọ́ksáídì síǹkì àti yújẹ́nọ́ọ̀lù ṣe lè wú, kí wọ́n sì sán bí háídrójìn pẹrọ́ksáídì tí ó lágbára bá kàn wọ́n. Adé onígbà díẹ̀ tí a fi mẹ́táílì mẹ́tákíríléètì ṣe lè di aláwọ̀ òféèfé bí ọsàn nínú kábámáídì pẹrọ́ksáídì. Yàtọ̀ sí èyí, yújẹ́nọ́ọ̀lù tí ó bá ṣẹ́ kù lára eyín ń dí rẹ́síìnì lọ́wọ́ láti le, nítorí náà wọn kì í fẹ́ fi í dí ihò tí kọ́ḿpósìtì yóò wọ̀ lẹ́yìn náà.

Ipa lórí bí ohun ìdíhò tuntun ṣe ń lẹ̀ mọ́ eyín

Ìpalára tí ó ṣe pàtàkì jù kì í hàn sójú. Kí kọ́ḿpósìtì tó lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀námẹ́lì, oníṣègùn máa ń fi ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì pa ojú rẹ̀ kí ihò wẹ́wẹ́ lè là sí i. Rẹ́síìnì á wọnú àwọn ihò náà, ìmọ́lẹ̀ á mú un le níbẹ̀, á sì di bí gbòǹgbò tí ó di ilẹ̀ mú. Lẹ́yìn tí a bá lo pẹrọ́ksáídì, ọ́ksíjìn ṣì máa ń ṣẹ́ kù nínú ẹ̀námẹ́lì àti dẹ́ńtíìnì. Ọ́ksíjìn yìí kì í jẹ́ kí rẹ́síìnì le dáadáa. Àwọn gbòǹgbò kékeré náà á kúrú, á sì dín kù, ohun ìdíhò náà á wà níbẹ̀ láìdúró ṣinṣin.

Ní ọdún 1988, Keith Titley àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé kọ́ḿpósìtì kì í lẹ̀ mọ́ ẹ̀námẹ́lì eyín màlúù tí a ti fi háídrójìn pẹrọ́ksáídì pa bí ó ti ń lẹ̀ mọ́ èyí tí a kò fi pa. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ipa yìí kì í wà títí. Bí itọ́ ṣe ń fọ eyín lójoojúmọ́, ọ́ksíjìn náà ń jáde, agbára ìlẹ̀mọ́ sì ń padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 3. Ọ̀sẹ̀ 2 ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń lò gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n.

Ìdí kejì tún wà fún dídúró yìí. Ní kété tí ìtọ́jú bá parí, omi ti gbẹ lára eyín, ọ́ksíjìn sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà ó máa ń funfun ju bí yóò ti wà nígbẹ̀yìn lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni àwọ̀ rẹ̀ yóò fìdí múlẹ̀. Oníṣègùn tí ó bá yan àwọ̀ kọ́ḿpósìtì ní ọjọ́ kejì yóò yan èyí tí yóò funfun ju eyín lọ nígbà tí ó bá yá.

Fún ẹni tí kò lè dúró, wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí àwọn èròjà tí ń pa ọ́ksíjìn yìí. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni sódíọ̀mù asíkọ́bétì, ìbátan fítámì C inú ọsàn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 fi hàn pé ó lè dá agbára ìlẹ̀mọ́ ẹ̀námẹ́lì tí a ti fi pẹrọ́ksáídì pa padà. Síbẹ̀, dídúró ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù, tí kò sì ná aláìsàn ní ohunkóhun.

Etí ohun ìdíhò àti ìrora

Ibi tí ohun ìdíhò àti eyín ti pàdé ni ibi tí agbára rẹ̀ kéré jù. Bí ohun ìdíhò bá ti pẹ́, àlàfo tín-ín-rín lè là sí etí rẹ̀. Pẹrọ́ksáídì lè gba ibẹ̀ yára dé mùdùnmúdùn eyín, níbi tí iṣan ìmọ̀lára wà. Àwọn ìwádìí inú yàrá àyẹ̀wò ti fi hàn pé oògùn tí ń dé inú mùdùnmúdùn pọ̀ jù nínú eyín tí wọ́n ti dí ju nínú eyín tí ó pé lọ. Aláìsàn lè ní ìrora gógó bí omi tútù tàbí afẹ́fẹ́ bá kan eyín rẹ̀. Ìrora yìí wọ́pọ̀ lára àwọn tí eyín wọn pé pẹ̀lú, ó sì sábà máa ń lọ lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá dópin, àmọ́ ìrora ńlá ní eyín kan ṣoṣo tí wọ́n ti dí lè jẹ́ àmì pé ohun ìdíhò náà ti jò tàbí pé eyín náà ti ń jẹ lábẹ́ rẹ̀.

Ètò ìtọ́jú

Nítorí gbogbo èyí, bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ lé ara wọn ṣe pàtàkì ju agbára oògùn lọ. Ètò tí ó wọ́pọ̀ nìyí:

1. Oníṣègùn á yẹ gbogbo eyín àti ohun ìdíhò wò, á sì ya àwòrán X-ray bí ó bá yẹ. Yóò sọ fún aláìsàn àwọn ohun ìdíhò tí kò ní funfun.
2. Eyín tí ó ń jẹ kì í dúró de ẹwà. Wọ́n á kó ibi tí ó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n á sì fi glass ionomer tàbí ohun mìíràn tí kò ní yújẹ́nọ́ọ̀lù dí i fún ìgbà díẹ̀.
3. Wọ́n á họ àbàwọ́n òde kúrò, nítorí pé ìgbà mìíràn wà tí èyí nìkan ti tó.
4. Wọ́n á sọ eyín di funfun, nílé tàbí ní ilé ìwòsàn.
5. Wọ́n á dúró fún ọ̀sẹ̀ 2, ó kéré tán.
6. Wọ́n á yan àwọ̀ tuntun, wọ́n á sì pààrọ̀ àwọn ohun ìdíhò tí ó hàn síta nìkan. Kò sí ìdí láti yọ ohun ìdíhò tí ó dára ní eyín ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Eyín tí wọ́n ti kó mùdùnmúdùn rẹ̀ kúrò ní ètò tirẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi glass ionomer tàbí ohun tí ó jọ ọ́ bo orí ohun tí wọ́n fi dí gbòǹgbò, kí oògùn má baà jò lọ sí gbòǹgbò eyín, kí wọ́n tó fi oògùn sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìtọ́jú, eyín yìí náà nílò àkókò kí wọ́n tó fi kọ́ḿpósìtì dí i pa.

Àwọn ọ̀nà tí kì í ṣe ti oníṣègùn

Àwọn kan ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́, eédú lílọ̀ tàbí ọṣẹ ìfọyín oníyanrìn fọ eyín wọn kí ó lè funfun. Ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ ń yọ́ ẹ̀námẹ́lì, ó sì ń yọ́ glass ionomer pẹ̀lú. Nígbà tí ẹ̀námẹ́lì bá ti fẹ́lẹ́, dẹ́ńtíìnì abẹ́ rẹ̀ á túbọ̀ hàn, eyín á sì pọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Eédú àti ọṣẹ oníyanrìn ń ha ojú kọ́ḿpósìtì, dídán rẹ̀ á lọ, àbàwọ́n á sì máa tètè mú un. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ohun wọ̀nyí ń jẹ eyín àti ohun ìdíhò, nígbà tí pẹrọ́ksáídì tí a lò bí ó ti yẹ ń yí àwọ̀ padà.

Òfin

Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àṣẹ 2011/84/EU sọ pé ohun tí a ń tà fún ará ìlú láti sọ eyín di funfun kò gbọdọ̀ ní ju 0.1% háídrójìn pẹrọ́ksáídì lọ. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 6% gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ oníṣègùn eyín wá, oníṣègùn tàbí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn. A kò gbọdọ̀ lò ó fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin yìí sínú òfin tirẹ̀ ní ọdún 2012.

Òfin àgbáyé náà kan ohun ìdíhò. Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2017, ń rọ àwọn orílẹ̀-èdè láti dín lílo àmálígámù kù, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí i. Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòpin sí lílo rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025, àyàfi níbi tí ìlera aláìsàn bá béèrè rẹ̀. Bí àmálígámù ṣe ń dín kù, kọ́ḿpósìtì àti glass ionomer ni ó ń gba ipò rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé iye àwọn tí ohun ìdíhò aláwọ̀ eyín wà lẹ́nu wọn yóò máa pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tí ó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn, kí wọ́n tó sọ eyín wọn di funfun, èwo nínú eyín wọn ni kò ní yí padà.